Páànù, wáyà, ata àbí pàkúté: èwo ló yẹ igi ẹ̀yìnkùlé yín lọ́wọ́ ọ̀kẹ́rẹ́?

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ra ilé sí Houston, Dallas, Atlanta àti Maryland, tí igi pecan tàbí píìṣì tàbí ọ̀pọ̀tọ́ wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí wà fún. Lọ́dọọdún, bí èso bá ti ń gbó báyìí lẹ ó máa gbọ́ tí kálukú ń sọ tiẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò nídìí èso, ẹnì kan á ní ata ló ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíì á ní òun ra òwìwí oníke, ẹlòmíì á ní pàkúté ni kẹ́ ẹ dẹ jàre. Gbogbo wọn lè máa sọ òótọ́ o, torí pé igi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dúró síbì kan náà, kò sì rí bákan náà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ ni pé bí igi yín ṣe rí àti ibi tó dúró sí ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa rà. Igi tó ga, tó ní ìdí kan ṣoṣo, tó dá dúró láìkan òrùlé, láìkan fẹ́ńsì, láìkan igi míì, páànù tí wọ́n ń yí mọ́ ara igi ni kẹ́ ẹ lò. Igi kékeré tẹ́ ẹ lè na ọwọ́ kan orí ẹ̀, ilé wáyà ni. Igi ńlá tí ẹ̀ka ẹ̀ ti wọnú igi ará ilé kejì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ẹ ò lè dáàbò bo gbogbo ẹ̀, ẹ̀yin àti ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ jọ máa pín in, iṣẹ́ yín ni kí ìpín tiyín pọ̀ ju tiẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ni?

Méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa, gray squirrel tó ní àwọ̀ eérú, àti fox squirrel tó tóbi jù ú lọ, tí abẹ́ ikùn ẹ̀ pọ́n, ìyẹn pọ̀ gan-an ní Texas. Àwọn méjèèjì kì í jáde lóru. Ìgbà tílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ àti ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ jù. Torí náà tẹ́ ẹ bá sùn tí ọ̀pọ̀tọ́ wà lórí igi, tílẹ̀ wá mọ́ tẹ́ ẹ ò bá a mọ́, tí ẹ̀ka kan tún ya, kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ o, raccoon ni tàbí opossum tàbí eku. Kannakánná àti blue jay náà máa ń jẹ pecan, àmọ́ ẹnu ni wọ́n máa ń fi lu ihò sára ẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé odindi fò lọ.

Ti ọ̀kẹ́rẹ́ hàn kedere. Ní oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí pecan ò tíì gbó, tí èèpo ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ máa rí èèpo yẹn wẹ́wẹ́ káàkiri ìdí igi. Tó bá jẹ́ píìṣì ni, ẹ mú ọ̀kan tó já bọ́ nílẹ̀ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ojú eyín máa wà lára ẹran èso náà ní méjì méjì bí ìgbà tí wọ́n fi ṣísẹ́lì kékeré gbẹ́ ẹ, kóró àárín ẹ̀ ti là, ohun tó wà nínú kóró náà ti lọ, ẹran èso fúnra ẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọn ò jẹ tán. Torí ohun tó ń wá gan-an nígbà tí píìṣì ṣì dúdú ni ọmọ inú kóró yẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ kan lè ba èso tó pọ̀ jẹ́ ju ohun tó máa wọ ikùn ẹ̀ lọ, ó ń já a, ó ń gé e, ó ń jù ú sílẹ̀, ó ń lọ sórí èkejì.

Àwọn nọ́ńbà mélòó kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí orí wọn ni gbogbo ohun tí mo máa sọ níwájú dúró lé. Ọ̀kẹ́rẹ́ lè fò sókè láti ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5. Ó lè fò láti orí òrùlé tàbí igi kan bọ́ sórí èkejì tí àlàfo àárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10. Eyín iwájú ẹ̀ kì í ṣíwọ́ híhù títí tó fi máa kú, ó gbọ́dọ̀ máa fi í rẹ́ nǹkan, ìyẹn ni pé ohunkóhun tó bá jẹ́ ike tàbí okùn tàbí aṣọ, tó bá pinnu pé òun máa gé e, ó máa gé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló sì lè bímọ, nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹta, àti nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹjọ, àwọn ọmọ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bá a ṣe ń wá oúnjẹ nígbà tí pecan yín ń gbó.

Páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wáyà

Àwọn méjì yìí ni mo gbà gbọ́ jù, torí pé wọn ò bá ọ̀kẹ́rẹ́ jà, wọ́n kàn sé ọ̀nà mọ́ ọn ni.

Páànù tí mò ń sọ ni èyí tó tẹ́jú tó ń dán, aluminium flashing ni wọ́n máa ń kọ sára ẹ̀ ní ilé ìtajà irinṣẹ́. Ẹ wá èyí tó fẹ̀ tó íńṣì 24. Ẹ ó yí i ká ara igi kí etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6 sílẹ̀, kó má bàa fò láti ilẹ̀ kọjá ẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le, èékánná ni ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń gun igi, ó máa ń kì í bọ inú èèpo igi ni, páànù ò sì ní ibi tí èékánná lè wọ̀. Tó bá gùn débẹ̀ á dúró, á na ọwọ́ sókè, á yí sí ọ̀tún wò, á yí sí òsì wò, á tún lọ gbìyànjú láti ẹ̀yìn, yíyọ̀ ló máa yọ̀ wálẹ̀. Àwọn olóko àgbọn láwọn ilẹ̀ olóoru ti ń ṣe ohun kan náà sí eku láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ lè ti rí igi àgbọn tí wọ́n so páànù mọ́ lára tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó kàn án mọ́ igi. Igi ń sanra lọ́dọọdún, páànù tí wọ́n kàn mọ́ ọn á máa fún un lọ́rùn. Wáyà méjì ni kẹ́ ẹ fi dè é, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ so sípíríǹgì kékeré mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kó lè máa fẹ̀ bí igi bá ṣe ń fẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn igi kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Igi tí ìbú ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì jẹ́ íńṣì 12, àyíká ẹ̀ máa sún mọ́ íńṣì 38, ẹ fi íńṣì 4 kún un kí etí méjèèjì lè gun ara wọn, íńṣì 42 nìyẹn. Róòlù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ íńṣì 120, ó máa tó igi méjì irú bẹ́ẹ̀, íńṣì 36 á sì ṣẹ́kù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kẹ́ ẹ tú u wò, torí omi àti kòkòrò máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Ibi tí páànù ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni ẹ̀ka. Tí ẹ̀ka kan ṣoṣo bá sún mọ́ òrùlé tàbí wáyà iná tàbí fẹ́ńsì tí ò tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i, owó páànù yẹn ti wọlẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò: ẹ̀ka pecan tó ga dáadáa ní oṣù kẹta, tó bá di oṣù kẹsàn-án tí èso ti kún un, á ti tẹ̀ wálẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ á kàn dúró nílẹ̀ fò mọ́ ọn ni, páànù á wà lára igi níbẹ̀ tí á máa dán lásán. Torí náà ẹ gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí wọ́n ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8 nígbà tí igi ò tíì lérù, kẹ́ ẹ sì tún wò ó nígbà tó bá lérù. Ẹ wòkè pẹ̀lú kẹ́ ẹ tó so páànù, tẹ́ ẹ bá rí ìtẹ́ ewé rogodo lórí igi, ẹ dúró di oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá kẹ́ ẹ tó ṣe é, torí ìyá tó bá sọ̀kalẹ̀ wá jẹun ò ní lè padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, àwọn ọmọ yẹn á kú sókè níbẹ̀, kò dáa.

Ilé wáyà ní tiẹ̀ kì í wo bóyá igi dá dúró tàbí kò dá dúró, gbogbo igi náà lẹ máa fi sínú ẹ̀. Ẹ fi pákó ṣe férémù, kẹ́ ẹ fi wáyà onírin tí ojú ẹ̀ jẹ́ ìdajì íńṣì bò ó yí ká àti lórí, kẹ́ ẹ ṣe ilẹ̀kùn sí i. Wáyà adìyẹ tí ojú ẹ̀ tó íńṣì kan lówó lórí kéré sí i, ó sì lè dá àgbà ọ̀kẹ́rẹ́ dúró, àmọ́ àwọn ọmọ wọn máa ń rá pálá gba ibẹ̀, ó sì máa ń tètè dípẹtà. Kòkòrò oyin máa ń gba ojú ìdajì íńṣì kọjá, torí náà ẹ má bẹ̀rù pé òdòdó ò ní di èso. Ẹ ri ìsàlẹ̀ wáyà bọlẹ̀ díẹ̀, torí fox squirrel pàápàá fẹ́ràn àtimáa rìn nílẹ̀.

Èwo lẹ máa wá mú nínú méjèèjì? Ẹ wo ìrísí igi yín. Pecan máa ń ní ìdí kan tó ga, páànù bá a mu wẹ́kú, ẹ ò sì lè kọ́ ilé wáyà yí igi tó ga ju ilé alájà méjì lọ. Píìṣì ò rí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gé e kí oòrùn lè wọ àárín ẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀, níbo lẹ fẹ́ so páànù sí? Ọ̀pọ̀tọ́ náà, ní Texas àti Georgia ọ̀pọ̀ ló máa ń ní ìdí márùn-ún mẹ́fà tó hù jọ láti ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, ilé wáyà ni, kẹ́ ẹ sì máa gé orí wọn lọ́dọọdún kí wọ́n má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ilé wáyà gba owó àti iṣẹ́ ju páànù lọ dáadáa, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún igi mẹ́wàá, àmọ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó wà nínú wáyà dáa ju mẹ́ta tó wà níta tẹ́ ẹ ò rí ọ̀kan jẹ nínú èso wọn.

Àwọ̀n, àpò àti ike orí èso

Àwọ̀n ike tí wọ́n ń tà fún ẹyẹ, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á nítorí ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ máa gé e wọlé. Èyí tó tún burú ni pé ejò máa ń há sínú ẹ̀ kó kú, ẹyẹ náà bẹ́ẹ̀, rat snake tó wọ́pọ̀ ní Texas ò sì lóró rárá, eku àti ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ wà lára ohun tó ń jẹ. Ẹ wá pa ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní okùn lẹ́nu, irú èyí tí wọ́n fi ń pín ẹ̀bùn níbi ìnáwó, ó dáa gan-an fún ọ̀pọ̀tọ́ tó bá jẹ́ pé ẹyẹ àti kòkòrò ni wàhálà yín, ọ̀kẹ́rẹ́ ò kà á sí. Èyí tó sàn díẹ̀ ni ike tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń ta strawberry, tó ní ihò lára, ẹ ó ṣí i, ẹ ó fi ọmọ píìṣì tó ti tó ẹyin àdàbà sínú ẹ̀ láìjá a, ẹ ó pa á dé mọ́ ọ̀pá ẹ̀. Ó ṣeé gé lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń ṣòro fún un láti rí etí tó máa fi eyín mú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, èso kọ̀ọ̀kan ní ike tiẹ̀, ẹni tó ní igi kékeré kan tó ń so fún ìgbà àkọ́kọ́ tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò, ó tó o.

Ata àti àwọn ohun ìdẹ́rùbà

Ata ní ìdí tó fi lè ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ta wá lẹ́nu nínú ata ń ta gbogbo ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹyẹ ò mọ̀ ọ́n lára rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń po ata mọ́ oúnjẹ ẹyẹ ní Amẹ́ríkà kí ọ̀kẹ́rẹ́ má jẹ ẹ́. Àmọ́ tó bá di ti igi, òjò kan ṣoṣo ti fọ̀ ọ́ lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà fín in, ìyẹn ni pé ẹ ó máa gun àkàbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ata tún máa wà lára èso tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín máa jẹ. Mo gbà á fún ìtàkùn tómátì àti òdòdó inú ìkòkò, mi ò gbà á fún pecan. Tẹ́ ẹ bá máa fín in ṣá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Òwìwí oníke, ejò rọ́bà, sídíì tó ń dán, rédíò: ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń bẹ̀rù wọn lákọ̀ọ́kọ́, tó bá ti rí i pé wọn ò kúrò lójú kan ó ti parí, á máa jókòó sórí òwìwí náà jẹun ni. Ìlò kan ṣoṣo tí mo mọ̀ fún wọn ni ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó ká èso, kẹ́ ẹ máa yí ibi tí wọ́n wà padà lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tó ń ta omi sí ohunkóhun tó bá kọjá lágbára jù wọ́n lọ díẹ̀, ìyẹn náà ò ju ìdí igi kékeré lọ. Ìtọ̀ ìkookò tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ẹ fowó yín pamọ́.

Ohun tí ò náni lówó, tó sì wúlò ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ni pé kẹ́ ẹ yọ àwo oúnjẹ ẹyẹ kúrò lẹ́yìnkùlé. Ẹ ò lè máa gbé tábìlì oúnjẹ kalẹ̀ fún un láti oṣù kìíní títí di oṣù keje kẹ́ ẹ wá ní kó má yà lóṣù kẹjọ.

Pàkúté, ajá àti òfin

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Nílé, ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ kì í gùn, wọ́n á dẹ pàkúté tàbí kí ọmọdé fi rọ́bà ta á, ó di ẹran ọbẹ̀. Àwọn tó dàgbà nínú oko kòkó mọ bó ṣe ń dá ihò sára kòkó tó pọ́n, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà pé ẹ pa á. Ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Texas àti Georgia, òfin ka gray squirrel àti fox squirrel mọ́ ẹran tí wọ́n ń ṣọdẹ, ìyẹn ni pé ìwé àṣẹ ọdẹ wà fún un, àsìkò sì wà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Georgia àsìkò yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní August 15, ó máa ń parí ní February 28. Yíyìnbọn láàárín ilé ní ìgboro, ọlọ́pàá lẹ fi ń pè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ẹranko igbó ní ìpínlẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó dẹ ohunkóhun, ní Texas, Texas Parks and Wildlife Department ni. Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín ò tíì pé pàápàá, mo bẹ̀ yín, ẹ má torí èso pecan kó bá ara yín.

Àwọn kan á ní àwọn ò ní pa á, àwọn á fi pàkúté onílé mú un láàyè, àwọn á gbé e lọ jù sínú igbó. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maryland: àwọn onímọ̀ mú ọ̀kẹ́rẹ́ 38 láti àdúgbò tí èèyàn ń gbé, wọ́n tú wọn sílẹ̀ nínú igbó ńlá, wọ́n sì ń tọpa wọn, ìwádìí náà jáde lọ́dún 2004. Kó tó pé ọjọ́ 88, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti kú tàbí ti pòórá kúrò níbẹ̀. Wọn ò mọ ibi tí oúnjẹ wà, àwọn tó ni igbó ń lé wọn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ti fòfin de gbígbé e láti ibì kan lọ síbòmíì. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí i gbé lọ, ààyè tó ṣófo yẹn, ọ̀kẹ́rẹ́ ará ilé kejì ló máa wá gbà á. Ẹ ó kàn máa pààrọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ kan sí òmíì lọ́dọọdún ni.

Ẹ̀yin tó wà ní ìlú Ọba náà, àwọn gray squirrel tó ń já walnut yín tútù, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó wọn wá lọ́dún 1876, wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní Cheshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ibẹ̀ le ju tibí lọ: tẹ́ ẹ bá ti fi pàkúté mú gray squirrel, ẹ ò gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá dẹ pàkúté níbẹ̀ ti gbà láti pa á, ọ̀nà tí ò ní jẹ́ kó jìyà ló sì gbọ́dọ̀ gbà pa á. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ní tiẹ̀, òfin ń dáàbò bò ó, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá dá èmi sí i, páànù náà ni kẹ́ ẹ so mọ́ walnut yín.

Májèlé, rárá o. Òwìwí tó jẹ ẹ́ á kú, ajá aládùúgbò á kú, ọmọdé lè he é.

Ajá tó bá ń gbé níta látàárọ̀ dalẹ́ máa ń ràn yín lọ́wọ́ dáadáa, àmọ́ mélòó nínú wa ló ní irú ẹ̀, èyí tó ń sùn lórí àga nínú pálọ̀ ò lé ọ̀kẹ́rẹ́ kankan. Ológbò máa ń pa ẹyẹ ju bó ṣe ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Àṣá ló ń pa á gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí àṣá ńlá onírù pupa tó ń bà sórí igi yín, ẹ má lé e, ẹ má sọ òkò sí i, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1918 ń dáàbò bò ó, ẹ̀yin ló sì ń bá ṣiṣẹ́.

Kíká ṣáájú, àti irú igi tẹ́ ẹ máa gbìn

Ọ̀nà yìí ò náni ní dọ́là kan, mo sì rò pé òun ni àwọn èèyàn wa kì í kà sí, torí a ti mọ́ ọn lára pé èso gbọ́dọ̀ pọ́n lórí igi kó tó dùn. Píìṣì tí àwọ̀ ewé ara ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di yẹ́lò, ẹ ká a, ẹ tò ó sórí tábìlì, á rọ̀ á sì dùn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Píà òyìnbó, kì í ṣe avocado o, tiẹ̀ sàn tẹ́ ẹ bá ká a kó tó rọ̀, torí tó bá rọ̀ lórí igi inú ẹ̀ máa ń di hóróhóró. Ọ̀pọ̀tọ́ nìkan ni mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún, tẹ́ ẹ bá ti já a ní tútù ó ti tán, kò ní dùn mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ó yẹ ní ẹni tí ẹ máa kọ́ ilé wáyà fún.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbin pecan, ẹ rò ó dáadáa ní ti èèpo. Èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ràn jù ni èyí tí àwa náà fẹ́ràn jù, tó tóbi, tí èèpo ẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹ lè fi ọwọ́ fọ́. Ẹrú ọmọ adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Antoine, ní oko ńlá Oak Alley ní Louisiana, ni wọ́n gbà pé ó mú irú ẹ̀ jáde, nǹkan bí ọdún 1846, ó lọ́ ẹ̀ka igi pecan tó dáa mọ́ ara igi pecan míì, ó sì mú. Wọ́n gbé èso igi yẹn lọ síbi àfihàn ńlá ní Philadelphia lọ́dún 1876, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Centennial, ọ̀nà tí Antoine là yẹn sì ni ọ̀pọ̀ pecan oníṣòwò ń tọ̀ títí dòní. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ orúkọ ẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń fọ́ pecan. Èyí tó ń hù fúnra ẹ̀ ní tiẹ̀ kéré, èèpo ẹ̀ le, ọ̀kẹ́rẹ́ kì í fi ṣe àkọ́kọ́ tó bá rí òmíì. Ẹni tí igbó tàbí odò wà lẹ́yìn ilé ẹ̀, tí igi ò lè dá dúró níbẹ̀, ó sàn kó gbin oléèpo líle.

Igi ńlá tó ti kan tẹlòmíì ńkọ́?

Àwọn àgbà ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Pecan ọlọ́dún pípẹ́ tó wà ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Houston, tí ẹ̀ka ẹ̀ bo ilé mẹ́ta, páànù ò lè ṣe é, ilé wáyà ò sí, gígé ẹ̀ka gba owó ńlá, ẹ sì nílò àdéhùn pẹ̀lú ará ilé kejì. Tó bá jẹ́ èèyàn tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, ẹ lọ bá a, ẹ jọ so páànù mọ́ igi tiyín àti tiẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, àwọn igi méjì tó kan ara wọn àmọ́ tí wọn ò kan ohun míì, ẹ lè kà wọ́n sí igi kan. Tí kò bá gbà, iṣẹ́ yín di ti àkókò. Láti ìgbà tí èèpo òde bá ti ń là sí mẹ́rin, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, ẹ má dúró kó já bọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ́ tapólì sí ìdí igi, ẹ fi ọ̀pá gígùn lu àwọn ẹ̀ka tó ti là, ẹ ṣa á lọ́jọ́ náà kílẹ̀ tó ṣú, torí ìdájí ọjọ́ kejì ọ̀kẹ́rẹ́ máa ṣáájú yín débẹ̀, á sì máa ri í mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri koríko yín. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣa, ẹ má kó o sínú gàráàjì láìbò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tí ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè dé, lẹ́yìn náà inú àpótí onírin tàbí garawa tó ní ìdérí ni kó wà, kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ kẹ́ ẹ sì kó ọmọ inú ẹ̀ sínú fírísà.